Ta Ni Ó Ba Orúkọ Bríd Jẹ́?

Orúkọ kan wà tí etí wa ti mọ̀ dáadáa, pàápàá jùlọ láàrin àwọn ọmọ Ìjọ Àgùdà: Bridget ni. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá léèrè ibi tí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti wá, kíá ni a ó dáhùn pé orúkọ òyìnbó ni, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ òyìnbó ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ni ín. Àwọn ará Írẹ́lándì ni wọ́n ni ín. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Fadá àti àwọn Sista tí wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ wa láyé ìjọba àwọn òyìnbó, ilẹ̀ Írẹ́lándì ni wọ́n ti wá, wọ́n sì kó orúkọ àwọn ẹni mímọ́ ilẹ̀ wọn dání. Gẹ̀ẹ́sì kàn yí orúkọ yìí lẹ́nu ni. Bríd ni àwọn onílé ń kọ ọ́ lónìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ pè é bí wọ́n ti ń pè é, kí ó wí pé "Bíríìdì" ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láìdá ẹnu dúró, yóò súnmọ́ ọn.

Ohun tí ó mú mi mú orúkọ yìí wá síwájú yín ni pé ó ti gun òkè rí, ó ti já sínú ẹrẹ̀ rí, ó sì tún ti dìde. Ìgbà kan wà tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù láti fi í sọ ọmọ nítorí pé ó ga jù. Ìgbà kan sì dé tí wọ́n ń tijú láti fi í sọ ọmọ nítorí pé ó ti di ẹ̀gàn. Orúkọ kan náà ni o. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa, nígbà náà, ni pé: bí orúkọ bá bàjẹ́, níbo gan-an ni ìbàjẹ́ náà wà? Ṣé nínú orúkọ ni, tàbí lára ẹni tí ń jẹ́ ẹ, tàbí lẹ́nu ẹni tí ń pè é? Ẹni tí ó bá sì sá kúrò nínú orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, nítorí pé ayé ń fi orúkọ náà bú u, ṣé ó jẹ̀bi?

Kí a tó dá ẹjọ́, ó yẹ kí a mọ ìdílé ẹni tí ẹjọ́ kàn. Nínú èdè Írẹ́lándì àtijọ́, Brigit ni a ń kọ ọ́. Àwọn onímọ̀ èdè gbà pé láti inú ọ̀rọ̀ kan tí ó jẹ mọ́ òkè àti gíga ni ó ti jáde, nítorí náà "Ẹni Gíga" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ní ẹbí káàkiri. Nígbà tí àwọn ará Róòmù ń jọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yà kan wà ní ìhà àríwá ilẹ̀ náà tí à ń pè ní Brigantes, wọ́n sì ní abo òrìṣà kan tí ń jẹ́ Brigantia. Ọmọ ìyá Brigit ni. Berg tí àwọn ará Jámánì ń pe òkè, ẹbí ni. Àní ní Íńdíà lọ́hùn-ún, nínú èdè Sanskrit, bṛhatī ni à ń pe ohun tí ó tóbi tí ó sì ga, bí ó bá jẹ́ abo. Kò wọ́pọ̀ kí orúkọ ọmọbìnrin kan ní ìdílé tí ó gbòòrò tó báyìí.

Ìtumọ̀ mìíràn wà tí ẹ lè bá pàdé nínú ìwé àwọn tí ń ṣàlàyé orúkọ fún aboyún: wọ́n ní "ọfà iná" ni. Ẹ má gbà á gbọ́. Ó ti pẹ́ o, nítorí pé inú ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan tí a fi orúkọ Cormac mac Cuilennáin pè ni ó ti wá, Cormac yìí sì jẹ́ ọba ní Cashel, ó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú, ó sì kú sójú ogun ní ọdún 908. Breo ni iná, saighit ni ọfà. A so méjèèjì pọ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dún bí Brigit. Àwa náà mọ irú iṣẹ́ yìí. Ẹni tí kò mọ orírun orúkọ ìlú kan yóò là á sí méjì, yóò sì hun ìtàn tí yóò bá a mu. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ a máa dùn, àwa tí à ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè nìkan ni kì í jẹ́ kí àwọn ènìyàn gbádùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé Cormac yìí kan náà ni ó ṣe wá lóore ńlá, nítorí òun ni ó sọ fún wa pé Brigit jẹ́ òrìṣà kí ó tó jẹ́ ẹni mímọ́. Ó ní ọmọ òrìṣà tí à ń pè ní Dagda ni, ó ní àwọn akéwì ni wọ́n ń bọ ọ́, ó sì ní àwọn àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n méjì tí àwọn náà ń jẹ́ Brigit: ọ̀kan ni ó ni ìwòsàn, ọ̀kan ni ó ni iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò ju ìlà díẹ̀ lọ. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé lóde òní àwọn ènìyàn ti kó òkìtì ìtàn jọ lórí ìlà díẹ̀ wọ̀nyí, títí tí ẹni tí kò wádìí yóò fi rò pé ìwé ìtàn òrìṣà náà kún àká. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé àwọn ará Írẹ́lándì ìgbàanì fi ewì, ìwòsàn àti irin sí abẹ́ orúkọ obìnrin kan ṣoṣo. Lójú tèmi, ìyẹn nìkan tó.

Ẹni mímọ́ náà wá ńkọ́? Àṣà sọ pé nǹkan bí ọdún 451 ni a bí i, pé nǹkan bí ọdún 525 ni ó kú, àti pé òun ni ó dá ilé ìsìn ńlá kan sílẹ̀ ní Kildare, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ "ìjọ igi óákù". Ọjọ́ kìíní oṣù Èrèlé ni ọjọ́ àjọ̀dún rẹ̀, ọjọ́ yìí kan náà sì ni àwọn baba ńlá wọn ń kí ìgbà ìrúwé káàbọ̀ kí ìsìn Kristi tó dé. Nítorí èyí, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní obìnrin bẹ́ẹ̀ kò sí rárá, pé òrìṣà náà ni a rì bọmi tí a fún ní ìbòrí Sista. Àwọn mìíràn ní ó wà, pé ìtàn òrìṣà ni ó lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ẹjọ́ náà kò tíì parí. Nǹkan bí àárín ọgọ́rùn-ún ọdún keje ni àlùfáà kan tí ń jẹ́ Cogitosus kọ ìtàn ayé rẹ̀ ní èdè Látìn. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ìtàn mìíràn jáde, èyí tí ọ̀kan nínú wọn, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹsàn-án, lo èdè Írẹ́lándì fúnra rẹ̀.

Inú àwọn ìtàn wọ̀nyí ni mo ti rí ohun tí mo ń wá. Wọ́n ní baba Brigit, Dubthach, jẹ́ ọlọ́lá, ṣùgbọ́n ẹrúbìnrin ni ìyá rẹ̀, Broicsech ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ẹrúbìnrin náà lóyún, ara ìyàwó ilé kò gbà á, kò sì fi ọkọ lọ́rùn sílẹ̀ títí tí ó fi tà á tòun toyún. Àtilẹ̀wá, nígbà náà, ọmọ ẹrú ni Brigit. Nígbà tí ó dàgbà tí ó padà sí ilé baba rẹ̀, ó ń da ẹran, ó ń fún wàrà, ó sì ń fi ohun ìní baba rẹ̀ ta tálákà lọ́rẹ. Wàrà ni, bọ́tà ni, oúnjẹ ni, ohunkóhun tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti tẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà sú baba. Ní ọjọ́ kan ó gbé e sínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin, ó sì sọ fún un pé kí ó má ṣe rò pé ọlá ni òun fi gbé e gun kẹ̀kẹ́. Òun ń gbé e lọ tà fún ọba Leinster kí ó lè máa lọ ọkà fún un lórí ọlọ.

Nígbà tí wọ́n dé ààfin, baba wọlé lọ bá ọba dúnàádúrà, ó fi idà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ nínú kẹ̀kẹ́. Ẹ sì mọ̀ pé idà ọlọ́lá kì í ṣe ọ̀bẹ ìdáná. Adẹ́tẹ̀ kan kọjá, ó tọrọ nǹkan, Brigit kò ní nǹkan mìíràn, ó bá gbé idà náà lé e lọ́wọ́. Inú bí Dubthach dé góńgó. Ọba pe ọmọbìnrin náà, ó bi í pé bí òun bá rà á, tí ó bá jí nǹkan baba rẹ̀ fi tọrẹ, kí ni yóò ṣe sí ti òun? Ó dáhùn pé bí òun bá ní gbogbo ọrọ̀ ọba àti gbogbo agbára rẹ̀, òun ì bá kó gbogbo rẹ̀ fún Ọlọ́run. Ọba bá yíjú sí baba, ó ní àwọn méjèèjì kò tó ẹni tí ń ná ọmọ yìí, nítorí pé ìwọ̀n rẹ̀ ga ju tiwọn lọ níwájú Ọlọ́run. Ibẹ̀ ni ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹrú.

Ìtàn àwọn ẹni mímọ́ ni, èmi kò sì ní búra pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọlọ yẹn sọ́kàn. Ẹni tí a ń pè ní Ẹni Gíga, ìdí ọlọ ni wọ́n ń gbé e lọ.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, orúkọ náà di èyí tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn ará Írẹ́lándì kì í sábà sọ ọmọ wọn ní Brigit lásán. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n a fi ọ̀rọ̀ kan ṣíwájú rẹ̀: Máel Brigte, èyí tí í ṣe "ẹni tí a fá lórí fún Brigit", tàbí Gilla Brigte, "ìránṣẹ́ Brigit". Ọkùnrin ni púpọ̀ nínú àwọn tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti inú èkejì ni orúkọ ìdílé McBride ti jáde. Èyí kò lè ṣàjèjì sí wa. Àwa náà ń sọ ọmọ ní Ògúndélé àti Fágbèmí àti Ọ̀ṣunbùnmi, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ lọ́wọ́ tí yóò pè é ní Ògún láìfi nǹkan kan tì í? Ní ti fífá orí, ẹni tí ó bá ti rí ìyàwó òrìṣà rí kò nílò àlàyé. Ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, Gerald ará Wales kọ ọ́ sílẹ̀ pé iná kan wà ní Kildare tí kì í kú, tí àwọn Sista mọ́kàndínlógún ń tọ́jú lóru kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń fi òru ogún sílẹ̀ fún Brigit fúnra rẹ̀ kí ó wá kó igi síná. Irú ọ̀wọ̀ tí wọ́n bù fún orúkọ náà nìyẹn.

Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún síwájú ni ọ̀wọ̀ yìí yí padà di ìfẹ́, tí àwọn ìyá wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọmọbìnrin wọn ní orúkọ náà ní gbangba. Nígbà tí ó máa fi di ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ó ti wà lára àwọn orúkọ obìnrin tí ó wọ́pọ̀ jùlọ ní ilẹ̀ náà. Bridget ni àwọn akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ń kọ sílẹ̀; Biddy ni wọ́n ń ké e sí nínú ilé.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, nítòsí ìjọ St Bride ní Fleet Street, kànga kan wà nígbà kan tí a fi orúkọ ẹni mímọ́ wa yìí pè, Bridewell. Ọba Henry Kẹjọ kọ́ ààfin sí ibẹ̀. Ní ọdún 1553, ọmọ rẹ̀ Edward fi ààfin náà ta ìlú lọ́rẹ, ìlú sì sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń ti àwọn alárìnkiri àti àwọn aṣẹ́wó mọ́, tí wọ́n ń nà wọ́n, tí wọ́n sì ń fi wọ́n ṣiṣẹ́. Láti ibẹ̀ ni "bridewell" ti di orúkọ túbú káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó tiẹ̀ rìn títí ó fi padà dé Írẹ́lándì: àgọ́ ọlọ́pàá kan ń jẹ́ Bridewell ní Dublin, òmíràn sì ń jẹ́ ẹ ní Cork. Mo rò pé kò sí orúkọ ẹni mímọ́ mìíràn tí ó rin irú ìrìn àjò yìí, láti ẹnu àwọn tí ń gbàdúrà títí dé ara ilẹ̀kùn àtìmọ́lé, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní èrò ibi sí i lójú ọ̀nà.

Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀, èrò wà níbẹ̀. Láàrin ọdún 1845 sí 1852, àrùn kọlu ọ̀dùnkún òyìnbó tí àwọn tálákà Írẹ́lándì gbẹ́kẹ̀ lé, ìyàn mú, nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn kú, ó kéré tán mílíọ̀nù kan mìíràn sì wọ ọkọ̀ ojú omi kúrò nílé. Lẹ́yìn ìyàn náà kò dáwọ́ dúró. Ọdọọdún ni wọ́n ń lọ. Ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ pọ̀ láàrin wọn, àwọn tí ó jẹ́ pé ara wọn nìkan ni wọ́n mọ̀ lórí omi. Iṣẹ́ tí ó ń dúró dè wọ́n ní Boston àti New York ni iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀: kí wọ́n dáná, kí wọ́n fọṣọ, kí wọ́n gbé èédú gun àtẹ̀gùn, kí wọ́n sùn sí àjà abẹ́ òrùlé. Nínú owó iṣẹ́ yìí ni wọ́n ti ń rán ti ìyá wọn lọ sílé, òun náà ni wọ́n fi ń san owó ọkọ̀ àbúrò tí ó kàn.

Nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ́ Bridget, àwọn ọlọ́lá ìlú wọ̀nyẹn sọ orúkọ náà di orúkọ iṣẹ́. Bridget tàbí Biddy wá di ohun tí a ń pe ọmọ-ọ̀dọ̀ èyíkéyìí tí ó bá ti Írẹ́lándì wá, ìbáà jẹ́ Mary ni ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ìbáà jẹ́ Catherine. Àwọn ìwé ìròyìn ẹlẹ́fẹ̀ sì gbé e jó. Ní ọdún 1883, Frederick Opper ya àwòrán kan sínú ìwé ìròyìn Puck: ọmọ-ọ̀dọ̀ sìgbọnlẹ̀ kan ni, ojú rẹ̀ kò jọ ti ènìyàn dáadáa, ó ń mi ẹ̀ṣẹ́ sí ìyá-ilé tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú ilé ìdáná, ìkòkò sì ń hó dànù lẹ́yìn wọn. Àwọn tí ó rà á rẹ́rìn-ín. Lára wọn ni àwọn tí Bridget kan gbé tíì wá fún láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ibi yìí ni mo fẹ́ kí a dúró sí, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Kí ni orúkọ wà fún? Ó wà fún kí a lè mọ ẹnì kan yàtọ̀ sí ẹnì kejì. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ń wo ilé kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ń pa oríkì lé e. Bí a bá wá gbé orúkọ ẹnì kan, tí a fi pe gbogbo àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀, a ti gba orúkọ náà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, a kò sì fún àwọn tí a ń fi pè ní nǹkan kan. Mary kò ní orúkọ mọ́ nítorí pé a ń pè é ní Bridget. Bridget gan-an kò ní orúkọ mọ́ nítorí pé gbogbo ènìyàn ni Bridget. Ìwà olè ni, olè tí kò jí owó. Èmi kò rí ẹ̀bi kan lára orúkọ, n kò sì rí ẹyọ kan lára ọmọbìnrin tí ń fọ abọ́. Ẹnu tí ń pè é ni ẹ̀bi wà.

Kí ó má baà dà bí ẹni pé àwọn òyìnbó nìkan ni mo ń bá wí, ẹ jẹ́ kí a yẹ ẹnu tiwa náà wò. Ní Èkó àti ní Ìbàdàn, kí ni orúkọ tí àwọn aláwàdà wa ń fún ọmọ-ọ̀dọ̀ nínú eré? Kí ni a ń pe ọmọbìnrin Kálábá tí ń gbálẹ̀, kí a tó bi í léèrè bí ó ti ń jẹ́? Ekaette ni. Ẹ bi àwọn Ìbíbíò àti àwọn Ẹ̀fíìkì ní ìtumọ̀ rẹ̀: ìyá bàbá ni. Orúkọ tí wọ́n fi ń júbà ìyá àgbà ni, bí àwa ti ń sọ ọmọ tiwa ní Yétúndé tàbí Ìyábọ̀. Àwa tí a mọ iyì ìyá àgbà tó bẹ́ẹ̀, a gbé ìyá àgbà ẹlòmíràn, a fi ṣe ẹ̀rín nídìí ààrò. Mo ti gbọ́ àwíjàre pé ẹ̀fẹ̀ lásán ni, kò dun ẹnikẹ́ni. Ó ṣeé ṣe kí àwọn tí ń ra Puck wí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Ó wá ku ti àwọn tí ó sá. Nígbà tí ẹ̀gàn náà pọ̀, ọ̀pọ̀ Bridget ní Amẹ́ríkà pa orúkọ dà. Wọ́n di Delia, wọ́n di Bertha, wọ́n di Beatrice. Àwọn tí kò pa tiwọn dà kò fi sọ ọmọ wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá wọn lẹ́jọ́ líle yóò wí pé orúkọ ni ogún tí ìyàn kò lè jẹ, pé ẹni tí ó bá sọ ọ́ nù nítorí ẹ̀rín àwọn ẹlẹ́rìn-ín ti bá wọn gbà pé wọ́n jàre. Ọ̀rọ̀ náà ní agbára, èmi náà kò sì ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ rẹ̀ ta ọrẹ báyẹn. Ṣùgbọ́n kò rọrùn fún ẹni tí ó yó láti máa kọ́ ẹni tí ebi ń pa ní ìgboyà. Ọmọbìnrin tí ó ń wá iṣẹ́, tí ó mọ̀ pé bí òun bá ti dá orúkọ ni ìyá-ilé yóò ti rẹ́rìn-ín músẹ́, kò ta ogún. Ó fi í pamọ́ ni. Delia gan-an jẹ́rìí sí i, nítorí Bedelia ni wọ́n kọ́kọ́ sọ Bridget dà kí wọ́n tó gé e kúrú. Lẹ́tà orúkọ àtijọ́ ṣì wà ní abẹ́ rẹ̀, bí ẹni wọ agbádá sórí bùbá. N kò dá a lẹ́bi. Ohun tí mo kọ̀ ni pé kí a ka sísá rẹ̀ sí ẹ̀rí pé orúkọ náà ní àbùkù.

Nílé, ní Írẹ́lándì, ọwọ́ ti ń tún orúkọ ṣe kí ẹ̀gàn Amẹ́ríkà tó rọlẹ̀. Ní 1893 ni wọ́n dá Ẹgbẹ́ Gaelic sílẹ̀ láti gbé èdè ilẹ̀ wọn dìde, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí orúkọ wọn padà kúrò ní ti Gẹ̀ẹ́sì. Bridget padà di Brighid. Nígbà tí wọ́n sì tún àkọtọ́ èdè náà ṣe ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá, wọ́n yọ àwọn lẹ́tà tí ẹnu kì í pè mọ́, ó di Bríd. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wọn bẹ̀rẹ̀ ní òpin ọdún 1961, àgbélébùú Brigid, èyí tí wọ́n máa ń fi koríko etí odò hun, ni wọ́n fi ṣe àmì rẹ̀. Ní 1993, àwọn Sista tún iná Kildare dá. Láti ọdún 2023, ìjọba sì ti fi ọjọ́ ìsinmi gbogbogbò kan sọrí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Èrèlé. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún ní ilẹ̀ náà. Patrick ti ń gba tirẹ̀ tipẹ́.

Kí ni ó wá fà á tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin òde òní fi fẹ́ràn orúkọ yìí? Apá kan nínú rẹ̀ hàn kedere. Ó kúrú, kò sì ṣeé ṣì mú fún ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ń lọ sí ìjọ rí ẹni mímọ́ nínú rẹ̀, ẹni tí ó ti fi ìjọ sílẹ̀ rí òrìṣà, àwọn méjèèjì sì lè jọ jẹ orúkọ kan náà láìjà. Obìnrin tí ó fẹ́ jẹ́ akéwì tàbí oníṣègùn, tàbí tí ó fẹ́ rọ irin, rí baba ìsàlẹ̀ tí kì í ṣe ọkùnrin. Mo bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìyìn tí mo ń gbọ́, òrìṣà ni mo ń gbọ́, ẹni mímọ́ ni mo ń gbọ́, iná ni mo ń gbọ́. Ti ilé ìdáná kò wọ́pọ̀ lẹ́nu wọn. Ó dà bí ẹni pé wọ́n fò ó, láti Kildare bọ́ sí òde òní, bí ẹni fo ẹrẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ pé kí ẹ fi ọlọ yẹn sọ́kàn. Ohun tí àwọn ará Boston fi bú Bridget ni pé ó jẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ tí ń lọ nǹkan fún olówó, bẹ́ẹ̀ ìdí iṣẹ́ náà gan-an ni ìtàn ti bá ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ orúkọ náà di ńlá. Ó da ẹran, ó fún wàrà, wọ́n fẹ́ẹ̀ tà á sídìí ọlọ. Àwọn ẹlẹ́gàn rò pé àwọn fà á lulẹ̀ ni, wọn kò mọ̀ pé wọ́n mú un padà sílé. Bí mo bá ní ọmọbìnrin Írẹ́lándì kan láti gbà nímọ̀ràn lórí orúkọ yìí, ohun tí n óò sọ fún un ni pé kí ó má fò ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí wọ́n ti jẹ́ ẹ ṣáájú rẹ̀, pàápàá jùlọ àwọn tí ó sùn sí abẹ́ òrùlé.

Àwọn ọmọ-ọmọ wọn ní Amẹ́ríkà ń wá wọn kiri báyìí nínú àwọn ìwé àtijọ́. Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Nínú ìwé ọkọ̀ ojú omi, wọn a rí Bridget, ọmọ ogún ọdún, ọmọ-ọ̀dọ̀. Wọn a wá Bridget náà títí nínú ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìkànìyàn, wọn kò ní rí i. Lórí òkúta sàréè, Delia ni wọ́n kọ.